Ilé la ní kó sinmi, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn onílé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, tí ẹ ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi káàkiri ìlú Ìbàdàn,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà owó-oṣù tísà. Mo mọ̀ pé èrè tí àwọn ará ìta rò pé ẹ ń jẹ kọ́ ni ẹ ń jẹ. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin nínú kíláàsì, láti Mọ́kọ́lá dé Òkè-Àdó, lábẹ́ onílé-ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àǹtí ni gbogbo wọn ń pè mí. Àwọn mìíràn nínú wọn ti wọ yunifásítì. Bí wọ́n bá pàdé mi ní Dùgbẹ̀, Àǹtí náà ni wọ́n ṣì ń kí. Ipò àǹtí yìí ni mo dúró sí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Mi ò gbọ́n jù yín lọ, àmọ́ èmi ni mo wà ní kíláàsì nígbà tí ẹ bá wà ní ọ́fíìsì, mo sì rí ohun kan níbẹ̀ tí n kò lè pa mọ́ra mọ́.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta wa. Ẹ gbà á, kí ẹ sì fún wọn ní nǹkan tí ó ṣeé dà, tí ó ṣeé pò, tí ó ṣeé tò, tí ó ṣeé tú ká.

Àwọn tí ó sọ ilé-ìwé yìí lórúkọ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Jẹ́-ilé-ó-sinmi. Ọmọ tí kò jẹ́ kí ilé sinmi ni wọ́n rí: ó ti da omi sí gàrí, ó ti kó gbogbo ṣíbí sínú garawa, ó ti tú ìdí rédíò wò, ó ti fi èédú ya ògiri. Wọ́n ní kí ó lọ síbi tí wọn yóò ti máa ṣọ́ ọ, kí ìyá rẹ̀ lè ráyè dé ọjà. Ilé ni wọ́n ní kó sinmi. Wọn ò ní kí ọwọ́ ọmọ náà sinmi. Ohun tí àwa wá ṣe ni pé ọwọ́ tó ń tú rédíò nílé, bó bá ti dé ọ̀dọ̀ wa, a ó ní kí ó ká a jọ sórí tábìlì, kí ó fi ìka kan dí ẹnu, kí kíláàsì lè dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá lójú fèrèsé, yóò ní ilé-ìwé yìí mà dára o, àwọn ọmọ wọn jẹ́ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, òfin ni pé ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojú-ewé iṣẹ́ kan lójoojúmọ́, kí òbí lè rí i bó bá ṣí báàgì rẹ̀. Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà níwájú mi. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, màá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá fi pẹ́ńsù sí ọmọ lọ́wọ́, màá fi ọwọ́ mi bo tirẹ̀, a ó sì jọ kọ A, A, A, títí dé ìsàlẹ̀ ìwé. Màá fi bíírò pupa kọ “O káre” sí i. Lójú ìyá rẹ̀, ọmọ òun ti ń kọ̀wé. Ta ló kọ ọ́? Èmi ni.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí kì í sunkún. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo rí i pé ó ti dẹ ọwọ́ náà sílẹ̀ fún mi pátápátá, bí ẹni tó kó aṣọ fún alágbàfọ̀. Kò wo ìwé. Alángbá kan ń mi orí lára ògiri níta, òun ló ń wò. Òógùn ti mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, pẹ́ńsù ń yọ̀ láàárín ìka. Mo kọ A tó kẹ́yìn, mo sàmì sí i. Ó gbójú sókè, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ti ṣe tán?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Àwa àgbà la jọ ń tan ara wa.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, tí mo sì ń kà, nípa ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Egungun kéékèèké 8 ló wà ní ọrùn-ọwọ́ àgbàlagbà. Nígbà tí a bá bí ọmọ, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó tíì di egungun. Ohun rírọ̀ bí èyí tó wà ní etí àti imú ni gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń le. Nígbà tí ọmọ bá fi wà ní ọdún mẹ́ta, díẹ̀ ló tíì bẹ̀rẹ̀, èyí tó sì ń kẹ́yìn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í le títí ọmọ yóò fi wà láàárín nǹkan bí ọdún 8 sí 12. Agbára ọwọ́ náà, láti òkè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀: ọmọ á kọ́kọ́ lè fi apá ju bọ́ọ̀lù, yóò tó lè fi ọwọ́ bu iyanrìn, lẹ́yìn náà ni yóò tó lè fi ìka ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Pẹ́ńsù wà lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí. Àwa la gbé e síwájú.

Mo dárúkọ ẹ̀wà, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Ìyá àgbà tó gbé àtẹ ẹ̀wà síwájú ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ní kó wá bá òun ṣa á, kò mọ̀ pé òun ń kọ́ ọ ní bí a ṣe ń di pẹ́ńsù mú. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni ọmọ fi ń ṣà. Ìka méjèèjì yẹn kan náà ni pẹ́ńsù ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń ya òkúta sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀wà, ẹ̀wà tó ti jẹ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dára. Ẹni tí kò bá lè rí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀wà àti òkúta, báwo ni yóò ṣe rí ìyàtọ̀ láàárín b àti d? Ọmọ tó fi sáà méjì ṣa ẹ̀wà, tó lọ àgbàdo, tó fún aṣọ, tó de bọ́tìnì, bí ẹ bá gbé pẹ́ńsù fún un ní ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ kò ní bò ó lọ́wọ́ mọ́lẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín láti ibí. Ẹ ó ní: àwọn òbí ńkọ́? Òótọ́ lẹ sọ, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Obìnrin tó dúró ní Gbági láti àárọ̀ dalẹ́ kó tó rí owó ilé-ìwé san, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tí owó rẹ̀ rà. Ìwé ló mọ̀. Ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tó wà ní ilé-ìwé kejì ti ń kọ 1 dé 50, tirẹ̀ ń padà wálé pẹ̀lú iyanrìn nínú bàtà. Bí ẹ kò bá fi nǹkan hàn án, yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ, ibi tó bá sì gbé e lọ, wọn yóò máa bá a di ọwọ́ ọmọ náà mú kọ̀wé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ han òbí lójú ara rẹ̀.

Ní ibi tí mo wà báyìí, ọ̀gá wa gbà fún mi ní sáà kan pé kí n dán an wò. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá, a kò tẹ́ ìwé kankan. A gbé báàfù omi kan kalẹ̀, pẹ̀lú agolo mílíìkì kan àti ike méjì: ọ̀kan ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, èkejì kúrú, ó fẹ̀. Lójú gbogbo wọn ni mo wọn agolo mẹ́rin sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní, “Èwo ni omi rẹ̀ pọ̀ jù?” Àwọn ọmọ pariwo pé, “Èyí tó ga!” Ojú ti bàbá kan, ó ń bá ọmọ rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n mú sùúrù.

Ọmọkùnrin kan dìde, ìyá rẹ̀ ń ta gàrí ní Bódìjà. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbé ike gíga náà tọwọ́tọwọ́, ó ń dà á padà sínú agolo, ó ń da agolo sí báàfù, ó ń kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ó gbé èkejì, ó tún kà á. Ilé dákẹ́. Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, “Ọgbọọgba ni. Bíi ti kóńgò wa.” Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sọ fún wa pé òun a máa lé e kúrò nídìí gàrí ni, òun a ní kó lọ jókòó síbì kan kó lọ kàwé.

Ìbéèrè omi yẹn kì í ṣe tèmi. Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Síwísáláńdì tó ṣe ìwádìí nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, ló sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri ayé, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà tàbí méje ni yóò ní èyí tó ga ló pọ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ojú ló ń bá wọn sọ̀rọ̀, ọwọ́ kò tíì dá sí i. Ní ọdún 1969, àwọn olùwádìí kan gbé ìwádìí jáde láti Mẹ́síkò: wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí òbí wọn ń mọ ìkòkò tètè mọ̀ pé amọ̀ tí a fà gùn kò pọ̀ ju èyí tí a rọ́ rogodo lọ, ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ wọn tí òbí wọn kì í mọ̀kòkò. Ohun tí ọwọ́ bá ń ṣe lójoojúmọ́, orí a máa tètè gbà á. Ọmọ oníkóńgò ni ọmọ amọ̀kòkò tiwa ní Ìbàdàn, a sì ń lé e kúrò nídìí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kó lè lọ ka ìwé.

Àwọn kan nínú yín ti náwó lórí ohun èlò tí ó ti òkè òkun wá. Mo ti rí i nínú àpótí gíláàsì, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, kí àwọn ọmọ má bàa bà á jẹ́. Orúkọ Maria Montessori wà lára pátákó ilé-ìwé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1907 ni ó ṣí ilé àwọn ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Róòmù. Àwọn tó ni ilé gbígbé níbẹ̀ ló pè é, nítorí pé bí àwọn òbí bá ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ a máa ba ògiri jẹ́. Jẹ́lé-ó-sinmi gan-an ni! Àwọn ọmọ tí kò ní nǹkan ló kọ́kọ́ kọ́, pẹ̀lú iṣẹ́ ilé: wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń da omi, wọ́n ń de bọ́tìnì. Kí wọ́n tó kọ lẹ́tà, ó gé lẹ́tà láti ara sáńpépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n sì ń fi ìka tọ ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀, Friedrich Fröbel ní Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1837, bọ́ọ̀lù òwú àti igi ló kó fún àwọn ọmọ. Ọ̀kan nínú ohun ìṣeré rẹ̀ kò ju igi onígun mẹ́rin kan tí a gé sí ègé 8 lọ.

Sáńpépà wà lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà ní ìgbòrò yín. Èmi fi gé lẹ́tà Yorùbá, gbogbo 25 rẹ̀, mo sì gé àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ àti ṣ lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin kan ń fi ìka yí o po. Nígbà tó dé orí ọ, ìka rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó kan àmì náà, ó dúró. Ó tún un ṣe. Ó pariwo kíláàsì jọ: “Ẹ wò ó, eléyìí ní ẹsẹ̀!” Láti ọjọ́ yẹn, kò ṣi ọkọ̀ pè ní oko mọ́ lójú ìwé, àwọn àgbà tó ń kọ̀wé sórí fóònù lónìí ló ń ṣì í.

Ọpọ́n ayò náà wà. Ihò 12, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò, àpapọ̀ rẹ̀ 48. Ẹni tó bá kó ọmọ ayò sí ihò láàárọ̀ ti ṣe ìsọdipúpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò ní kí ọmọ ọdún mẹ́rin ta ayò bí àgbà. Kí ó ṣáà pín in, kí ó rí i pé ọ̀kan ṣẹ́kù tàbí ọ̀kan dín, kí ó wá a kiri abẹ́ tábìlì. Ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí: ọmọ ayò, ẹ̀wà, bọ́tìnì, gbogbo rẹ̀ lè há ọmọ lọ́nà ọ̀fun. Ẹ má kó o fún àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má sì fi àwọn tó ti pé sílẹ̀ nídìí rẹ̀ láìsí àgbà. Báàfù omi pẹ̀lú, bí eré bá ti parí, kí ẹ da omi rẹ̀ nù lójú ẹsẹ̀. Ọmọ kékeré lè kú sínú omi tí kò dé orúnkún.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò retí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kì í la ẹnu nígbà tí a bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì lákàtúnkà, nídìí omi, ẹnu rẹ̀ kì í pa dé. Omi ń kán, omi ń ro, omi ń ṣàn. Mo bù ú, mo dà á, mo wọ́n ọn, mo gbọ́n ọn, ó ti kún, ó ti ń ṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ ló ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ọmọ, èdè tí ó sì gbé wá láti ilé ló ń fà jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn wá, nínú ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen’s ní Modákẹ́kẹ́, pé ọmọ tó fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í gbẹ́yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó ìtanràn lé ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nídìí iyanrìn.

Ìjọba pàápàá kò sọ ohun mìíràn. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí, tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1977 tí wọ́n sì ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan, eré ló ní kó jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni gbòógì fún àwọn ọmọ tí kò tíì wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó tún dá iye ọmọ tó yẹ kó wà lábẹ́ tísà kan sí 25. Èmi ní 28 lọ́jọ́sí, mo mọ àwọn tó ní 40. Ẹnikẹ́ni tó bá ní 40, iyanrìn kò ṣeé gbé kalẹ̀ níwájú wọn, n kò ní tan yín. Ẹ gba ẹnì kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin tó ń dúró de yunifásítì, kí ó wà nídìí omi nígbà tí àǹtí wà nídìí ìtàn.

Mi ò bínú sí ìwé. Ojoojúmọ́ ni mo ń ka ìtàn fún wọn, wọ́n a sì máa ṣí ìwé náà fúnra wọn lẹ́yìn mi, nígbà mìíràn lódìkejì. Kíkọ ni mo ní kí ó dúró díẹ̀ de ọwọ́.

Oṣù Kẹsàn-án ni sáà tuntun. Bí ẹ bá ń ṣe ìwé ohun tí òbí yóò rà, ẹ yọ ìwé ìkọ̀wé mẹ́rin náà kúrò lára ti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ fi agolo òfìfo méjì àti àjákù aṣọ kan sí i dípò rẹ̀. Ìyẹ̀fun ife méjì, iyọ̀ ife kan, omi ife kan àti òróró díẹ̀, bí ẹ bá pò ó pọ̀ dáadáa, yóò di ohun mímọ tó lè lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ike tó dé dáadáa. Bí ó bá ká yín lára láti fi oúnjẹ ṣeré lásìkò yìí, ó ká èmi náà lára, amọ̀ ni mo ń lò. Àjákù pákó wà ní ọjà pákó Bódìjà. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí mo ń bá níbẹ̀ kì í gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ mi bí mo bá ti sọ pé ti ọmọdé ni. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló dára jù, nígbà tí wọ́n bá ń gbálẹ̀. Ẹ mú àpò ìrẹsì méjì dání, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín fi sáńpépà pa etí rẹ̀, kí igi má bàa gún ọmọ lọ́wọ́.

Èmi ni,
Àǹtí kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta,
Ìbàdàn.